Lẹ́tà ìtọrọ ìyàwó láyé WhatsApp: ṣé a ṣì nílò ẹ̀?

Àbúrò kan kọ̀wé sí mi láti Òṣogbo, ó ní: "Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ìdána àbúrò mi ọkùnrin ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, ẹbí wá ní èmi ni kí n kọ lẹ́tà ìtọrọ torí èmi ni mo gbọ́ Yorùbá kíkọ jù nínú ilé. Alága ìdúró ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu, pé òun ní èyí tí wọ́n ti tẹ̀ sílẹ̀, orúkọ nìkan la máa pààrọ̀. Èmi wá ń rò ó pé kí la tiẹ̀ ń kọ lẹ́tà fún, nígbà tí ẹbí méjèèjì ti jọ wà nínú group WhatsApp kan láti ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́? Ṣé àṣà wa ni lẹ́tà yìí àbí ti òyìnbó? Tó bá sì jẹ́ dandan, báwo ni kí n ṣe kọ ọ́?"

Àbúrò mi, o kú ìpalẹ̀mọ́ o, Ọlọ́run á jẹ́ kó yọrí sí rere. Má bínú pé ìdáhùn mi máa gùn, iṣẹ́ tíṣà ti mọ́ mi lára, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi gbólóhùn kan dáhùn irú ọ̀rọ̀ báyìí. Ìbéèrè tó o fi sáàárín, ti àṣà wa àbí ti òyìnbó yẹn, ni màá kọ́kọ́ mú, torí tá a bá ti dáhùn ẹ̀ dáadáa, méjì tó kù á rọrùn.

Bébà àti yíńkì kì í ṣe tiwa, ilé ìwé àti ṣọ́ọ̀ṣì ló gbé e wọlé. Láyé àtijọ́ ìdílé ọkọ kì í kọ nǹkan kan, alárinà ni wọ́n ń rán. Alárinà ló ń lọ tó ń bọ̀, òun ló ń wádìí ilé ọmọ wò bóyá kò sí àrùn tàbí gbèsè níbẹ̀, òun ló ń gbé ọ̀rọ̀ ọkùnrin dé ọ̀dọ̀ obìnrin tó sì ń gbé èsì padà, títí dìgbà tí ọmọ á fi ṣíhùn, ìyẹn ni pé ó gbà, lẹ́yìn ìyẹn làwọn àgbà ilé ọkọ á tó dìde lọ fẹnu ara wọn tọrọ. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ohun tó ò ń bi mí ni pé ṣé Yorùbá mọ bí wọ́n ṣe ń fi nǹkan tí kì í ṣe ẹnu ránṣẹ́ kí òyìnbó tó dé, a mọ̀ ọ́n dáadáa, àrokò ńkọ́?

Míṣọ́nnárì kan wà tó ń jẹ́ Gollmer, ọmọ Jámánì ni, òun àti Townsend àti Àjàyí Crowther, míṣọ́nnárì bíi tiẹ̀, ni wọ́n jọ dé Badagry ní 1845. Ó pẹ́ láàárín wa débi pé ó kọ àwọn àrokò tó rí sílẹ̀, àkọsílẹ̀ náà sì jáde ní London ní 1885. Owó ẹyọ méjì tí wọ́n so pọ̀ tí wọ́n jẹ́ kó kojú síra, ìfẹ́ ni, mo fẹ́ fojú kàn ọ́. Tí wọ́n bá wá jẹ́ kí méjèèjì kẹ̀yìn síra, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Ti àwọn tó ń fẹ́ra sọ́nà ló dùn mọ́ mi jù: ọkùnrin á fi ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́, ìyẹn ni pé ọkàn òun fà sí ọmọbìnrin náà, tí ọmọ bá fi ẹyọ mẹ́jọ dá a lóhùn, ó ti gbà pé ọ̀rọ̀ àwọn jọra nìyẹn. Kò sí bébà níbẹ̀, kò sí gírámà, síbẹ̀ ìtọrọ àti ìdáhùn ti parí sínú ẹyọ mẹ́rìnlá.

Ní báyìí wo ẹni tó gbé àrokò yẹn. Òun ni mo fẹ́ kó o fi sọ́kàn bó o ṣe ń ka ọ̀rọ̀ mi lọ. Nílẹ̀ Yorùbá, ọ̀rọ̀ tó bá ti wúwo, a kì í jẹ́ kó wà láàárín èèyàn méjì péré, ẹni kẹta gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ tó gbé e, tó gbọ́ ọ, tó lè jẹ́rìí lọ́la pé bó ṣe rí nìyí. Alárinà lẹni kẹta nínú ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Ìránṣẹ́ tó gbé àrokò náà, ẹni kẹta ni. Ìwé kíkọ wá dé, ẹ sì máa rò pé ẹni kẹta á kógbá wọlé, ṣùgbọ́n kò lọ ibì kankan, ńṣe ló pààrọ̀ aṣọ.

Mi ò ní fi ìtàn bí ìwé ṣe dé da ọ́ láàmú. Àwọn àlùfáà Mùsùlùmí wa ti ń fi háráfì Lárúbáwá kọ̀wé ṣáájú, Crowther ṣe ìwé gírámà àti ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843, Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta ní 1859, ilé ìfìwéránṣẹ́ ti wà l'Ékòó láti 1852. Gbogbo ìyẹn dáa. Ṣùgbọ́n àwọn tó mọ̀ọ́kà ò pọ̀, àwọn tó ní ọ̀rọ̀ láti fi ránṣẹ́ ló pọ̀. Báyìí la ṣe ní akọ̀wé lẹ́tà.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò bá wọn. Iwájú pósí ọ́fíìsì ni wọ́n ń jókòó sí, tàbí ẹ̀gbẹ́ kóòtù, tábìlì kékeré, tápúráítà tí lẹ́tà kan tàbí méjì ti bọ́ lára ẹ̀, bébà kábọ̀n, bẹ́ǹṣì fún kọ́sítọ́mà. O máa jókòó, o máa rò ó lẹ́nu, òun á máa tẹ̀ ẹ́. Tó bá jẹ́ sí ọmọ ẹni ni, Yorùbá lásán ni, tó bá jẹ́ sí D.O., ìyẹn òyìnbó alákòóso agbègbè, tàbí káńsù ni, á di gèésì tó le bí ọta, "I most humbly beg" lórí "I most humbly beg", torí kọ́sítọ́mà gan-an ń fẹ́ kó le, tí kò bá le wọ́n á ní akọ̀wé ò mọ̀wé. Àwọn kan nínú wọn ń fi tiwọn kún un. Ẹ̀rù èyí ló sì ba ìjọba amúnisìn tí wọ́n fi ṣòfin ní 1915 láti dáàbò bo àwọn tí kò mọ̀wé: ẹnikẹ́ni tó bá bá aláìmọ̀wé kọ lẹ́tà gbọ́dọ̀ kọ orúkọ àti àdírẹ́sì tiẹ̀ náà sí i, tó bá sì ti kọ ọ́ síbẹ̀, ohun tó ń wí ni pé ẹni yìí ló rán mi, ohun tó sọ náà ni mo kọ, mo sì kà á sí i létí, mo ṣàlàyé ẹ̀ fún un kó tó tẹ̀ka. Ẹ ṣì ń rí irú gbólóhùn yẹn títí dòní lábẹ́ ìwé tí aláìmọ̀wé bá tẹ̀ka sí ní kóòtù. Òfin gan-an mọ̀ pé ẹni kẹta wà nínú lẹ́tà, ó ní kó yọjú síta ni.

Lẹ́tà tó bá wá dé, ta ló ń kà á? Ọmọ ilé ìwé ni. Ìyá kan wà ládùúgbò wa nígbà tí mo wà ní pírámárì, ọmọ ẹ̀ wà ní Kumasi, ẹ mọ̀ pé àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ àti agbègbè ẹ̀ pọ̀ ní Gánà kí ìjọba Busia tó lé àwọn àlejò ní 1969. Tí lẹ́tà bá ti dé, wọ́n á ránṣẹ́ pè mí. Mo máa dúró, ìyá á jókòó, á sọ ìborùn sí èjìká bí ẹni pé àlejò wọlé. "Ìyá mi ọ̀wọ́n, mo kọ ìwé kékeré yìí láti fi béèrè àlàáfíà yín." Ìyá á ní, "A dúpẹ́, ọmọ mi." "Tí ẹ bá béèrè tèmi, ara mi le." "Á máa le sí i, láṣẹ Èdùmàrè." Bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa dá bébà lóhùn títí màá fi kà á tán, á wá ní kí n padà síbi tó ti kí òun yẹn. Ibi tí wọ́n ti fi ogún ṣílè ránṣẹ́ kì í ní kí n tún un kà, ibi ìkíni ni. Lọ́jọ́ kan lẹ́tà dé pé ara ọmọ náà ò dá, pé ó ti wà ní ọsibítù fún ìgbà díẹ̀. Ọmọdé ni mí, mo fẹ́ẹ́ kà á bó ṣe wà, bàbá mi tó jókòó nítòsí ló wúkọ́, mo gbọ́ ikọ́ yẹn dáadáa, mo fò ó kọjá, mo lọ síbi ìkíni ìkẹyìn. Alẹ́ ọjọ́ yẹn làwọn àgbà lọ fara balẹ̀ sọ ọ́ fún ìyá. Iṣẹ́ ẹni kẹta nìyẹn, kì í kàn ṣe pé ó mọ̀ọ́kà.

Ìdí nìyẹn tí ìkíni fi gùn nínú lẹ́tà Yorùbá o. Àwọn tí wọ́n ń fi ojú gèésì wò ó á ní ó ń fàkókò ṣòfò, kí wọ́n lọ tààràtà sí kókó. Etí la kọ ọ́ fún, kò sì sẹ́ni tó ń wọlé àgbà tó máa bẹ̀rẹ̀ sí í sọ kókó láti ẹnu ọ̀nà.

Wáyà, ìyẹn télígíráàmù, ló kọ́kọ́ fẹ́ gé ìkíni kúrò, torí iye ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi ń gbowó. A sì rí ọgbọ́n ta sí i. Wọn ò ní kọ pé bàbá kú, wọ́n á kọ pé bàbá ò gbádùn, máa bọ̀ kíákíá, ẹni tó bá gbà á á ti bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún kó tó wọ mọ́tò.

Lẹ́yìn náà ni fóònù alágbèéká GSM dé ní 2001, owó ìpè le, ìṣẹ́jú ni wọ́n ń kà títí Glo fi wọlé ní 2003 tó ń ka ìṣẹ́jú àáyá. Kí la ṣe? A padà sídìí àrokò jàre! Fíláàṣì ni mò ń wí. Tó bá dún lẹ́ẹ̀kan tó kú, mo ti délé. Tó bá dún lẹ́ẹ̀mejì, pè mí padà, owó ti tán lórí fóònù mi. Olúkúlùkù tọkọtaya ló ní tiẹ̀, kò sí ẹni tó kọ́ wọn, kọ́bọ̀ kan ò sì kúrò lórí ẹ̀.

Tẹ́sítì, ìyẹn SMS, wá tẹ̀ lé e, ibẹ̀ gan-an sì ni Yorùbá tá à ń kọ ti fara gbọgbẹ́. Tẹ́sítì kan ń gba àmì 160. Ṣùgbọ́n ìgbà tó o bá fi ẹ, ọ tàbí ṣ kan ṣoṣo sí i, fóònù á yí gbogbo ọ̀rọ̀ náà sí ọ̀nà ìkọ̀wé mìíràn tó ń gba àyè jù, 70 péré ló máa gbà, tó bá ti kọjá ìyẹn ó di tẹ́sítì méjì, owó méjì. Torí náà gbogbo èèyàn ń kọ "e kaaro sa" láìfi nǹkan kan sábẹ́ ẹ̀, ọdún ń gorí ọdún, ó mọ́ wa lọ́wọ́. Lónìí tí dátà wà, tí bọ́tìnnì Yorùbá wà lórí Gboard, kíbọọ̀dù Google tí kò gba kọ́bọ̀, a ṣì ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Èèyàn á sì ní Yorùbá ló ṣòro kọ!

WhatsApp lo fi bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè ẹ, ó yá ká dé ibẹ̀. Mi ò bá a jà o, èmi náà wà lórí ẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́. Vóìsì nóòtì tí wọ́n fi kún un ní 2013 ti dá ọ̀pọ̀ àgbà tí kò mọ̀ọ́kọ padà sínú ọ̀rọ̀, mo mọ ìyá àgbà tó ń fi ṣàdúrà ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ ẹ̀ ní London láràárọ̀, kò wá akọ̀wé, kò wá ọmọ ilé ìwé. Ìyẹn tẹ́ mi lọ́rùn. Ohun tí WhatsApp ò ní ni ẹni kẹta. Ní báyìí èmi pẹ̀lú ẹ lè máa kọ̀wé síra wa tààrà láago méjì òru láìsí ẹnì kankan láàárín tó máa wúkọ́. Bàbá ìyàwó á kí gbogbo ilé ní ìlà mẹ́jọ, ọkọ ìyàwó á fi "k" dáhùn. Ẹnì kan á béèrè iye ìnáwó, ẹlòmíì á kọ "Kí lẹ fẹ́?", òun ń béèrè tọkàntọkàn, àwọn tó kà á ti gbọ́ ìjà nínú ẹ̀. Group yín yẹn fúnra ẹ̀, lọ wò ó dáadáa, mo fẹ́ mọ̀ bóyá kò tíì ṣẹlẹ̀.

Ó dáa, ṣé ẹ ṣì nílò lẹ́tà? Bẹ́ẹ̀ ni o. Nínú group, èèyàn ogójì ló ń sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó lè tọ́ka sí ibì kan pé ohun tí ìdílé ọkọ sọ nìyí. Lẹ́tà ìtọrọ ni ibi tí gbogbo yín ti máa sọ̀rọ̀ lẹ́nu kan ṣoṣo, lójú gbogbo èèyàn, tí ọmọ ilé ìyàwó á dìde kà á sókè, tí ẹbí ìyàwó náà á sì dá yín lóhùn. Iṣẹ́ alárinà ló ń ṣe. Nínú gbogbo lẹ́tà Yorùbá tó ti kọjá, òun nìkan ló kù tí ẹni kẹta ṣì ní ìjókòó níbẹ̀, mi ò sì ní fẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ orúkọ nìkan sí i.

Lórí èyí tí alága ní sílẹ̀ yẹn, mo ti ka irú ẹ̀ tó pọ̀, mo lè sọ ohun tó wà níbẹ̀ láìrí i. "A rí òdòdó kan tó tutù yọ̀yọ̀ nínú ọgbà yín, ọmọ wa sì fẹ́ já a." Òdòdó yìí ti sú mi. Gbogbo ìdána tí mo lọ, òdòdó kan náà, ọgbà kan náà, èmi ò sì tíì mọ ilé kan ní Òṣogbo tó ń gbin òdòdó sọ́gbà kí wọ́n lè tọrọ ẹ̀. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ ìtọrọ tó ju ìyẹn lọ. Lọ jókòó ti bàbá yín àgbà tàbí ẹ̀gbọ́n bàbá yín, bi wọ́n léèrè bí wọ́n ṣe sọ ọ́ nígbà tí wọ́n lọ tọrọ ìyá yín, kí o tó gbé bírò.

Nílé ìwé wọ́n kọ́ yín pé lẹ́tà gbẹ̀fẹ́ ní àdírẹ́sì kan, àìgbẹ̀fẹ́ ní méjì. Lẹ́tà ìtọrọ dàpọ̀ mọ́ra, méjì ni kí o kọ, tiyín lápá ọ̀tún lókè, tìdílé ìyàwó lápá òsì, déètì, ṣùgbọ́n ẹnu gbẹ̀fẹ́ ni kí o fi sọ ọ́, ẹnu ẹni tó wá bẹ èèyàn. "Àwa" ni kó wà níbẹ̀ látòkè délẹ̀, kì í ṣe "èmi". Kì í ṣe àbúrò ẹ ló ń kọ ọ́, kì í sì í ṣe ìwọ náà, ìdílé ni. Wo bí èmi ì bá ṣe bẹ̀rẹ̀ ẹ̀:

"Ẹ̀yin òbí àti ẹbí wa ọ̀wọ́n, a kí yín kú ilé, a kí yín kú iṣẹ́ ọmọ títọ́. Iṣẹ́ náà hàn lára ọmọ tí ẹ tọ́. Ọmọ wa Lágbájá ló wá bá wa pé òun ti rí ẹni tí òun fẹ́ fi ṣaya, pé ilé yín ló wà. A béèrè, a wádìí, ohun tá a gbọ́ nípa ilé yín tẹ́ wa lọ́rùn. Nítorí náà la ṣe kó ara wa wá lónìí, ọkùnrin wa dọ̀bálẹ̀, obìnrin wa kúnlẹ̀, pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa lọ́mọ. A ò ní fi í ṣẹrú, ọmọ la máa fi í ṣe."

Ìyẹn ti tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ẹ̀, ìlà méjì tàbí mẹ́ta nínú oríkì orílẹ̀ wọn, béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n, má lọ wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí o wá ki Olúfẹ̀ fún ọmọ Ọ̀fà. Fi àdúrà parí ẹ̀. Ojú ewé kan péré, ebi á ti máa pa àwọn àlejò.

Rántí pé ọmọdébìnrin kan nínú ẹbí ìyàwó ló máa kà á, lórí ìdúró, pẹ̀lú máìkì, níwájú èrò. Gbólóhùn kúkúrú ni kó o kọ fún un. Tẹ̀ ẹ́ ní lẹ́tà ńlá, kí o sì fi gbogbo àmì sí i, àmì ohùn àti ti abẹ́. Mo wà níbi ìdána kan tí wọ́n kọ ọ́ láìfi àmì sí i, ọmọ yẹn dé "ọkọ rere", ó kà á sí "ọkọ̀ rere", alága ní ṣé Toyota ni àbí Peugeot, gbogbo gbọ̀ngán yà sẹ́rìn-ín, ọmọ náà ò lè kà á tán mọ́. Ibí ni WhatsApp ti wúlò fún yín: bi ẹ̀gbọ́n ìyàwó léèrè ẹni tó máa kà á, fi fọ́tò lẹ́tà náà ránṣẹ́ sí ọmọ yẹn lọ́jọ́ méjì ṣáájú, kó máa kà á nílé. Àwọn alága kan máa ní ìyẹn ba adùn ẹ̀ jẹ́, má dá wọn lóhùn.

Olórí ẹbí yín ni kó buwọ́ lù ú, tí wọn ò bá mọ̀ọ́kọ, kí wọ́n tẹ̀ka, kò sí ìtìjú níbẹ̀, kí ìwọ sì kà á sí wọn létí látòkè délẹ̀ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Ohun tí wọ́n bá ní kó o yọ, yọ ọ́, kódà tó jẹ́ ibi tó o fẹ́ràn jù ni. Tó o bá ti kọ ọ́ tán, fi ránṣẹ́ sí mi, màá bá ọ wo àmì ẹ̀.